Ta Ló Yẹ Kó Sọ Pé Kí Agbábọ́ọ̀lù Jáde?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lójú wa. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, NFF, kéde pé Victor Osimhen kò bá ikọ̀ Super Eagles wọ bàálù lọ sí Bouaké. Wọ́n ní inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé yóò ṣì dúró sí Abidjan kí àwọn dókítà lè máa fojú tó o. Ọjọ́ méjì ló kù ká kojú South Africa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kángun sí àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Kíá, ìlú ti pín sí méjì. Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, nínú dáńfó, nílé ìwo-bọ́ọ̀lù, àwọn kan ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kó wọlé, wọ́n ní ojú ogun la wà, kò sí àyè inú rírun. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ohùn àwọn tàkọ́kọ́ ló ròkè jù.

Ara Osimhen yá, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ó bá wọn ní Bouaké, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, ó gbá ayò wọlé, gbogbo àdúgbò ń jó. Rẹfirí lọ wo fídíò, ó fagi lé ayò wa, ó sì fún South Africa ní pẹnáritì. Wọ́n dá ayò padà. Pẹnáritì náà la fi borí wọn níkẹyìn, 4-2, aṣọ́lé wa, Stanley Nwabali, mú méjì. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ṣubú níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọn kò sì dìde mọ́. Cairo Ojougboh, tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú àjọ NDDC rí, wà lára wọn, òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Côte d'Ivoire nà wá 2-1 nínú àṣekágbá. Èébú ya lu agbábọ́ọ̀lù wa, Alex Iwobi, lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ó pa àwọn àwòrán orí Instagram rẹ̀ rẹ́, Ahmed Musa sì bọ́ síta, ó ń bẹ aráyé pé kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn èèyàn máa ń pe èyí: ìrora agbábọ́ọ̀lù lọ́tọ̀, ìwà òǹwòran lọ́tọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ariwo tí à ń pa wà lára ohun tó ń ti abẹ́rẹ́ wọ ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń jàǹfààní nínú kí ọmọ náà dúró sórí pápá, ìbáà jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, olówó ẹgbẹ́ tàbí àwa tó ń wòran, kò yẹ lẹ́ni tí yóò pinnu bóyá kó dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó gba ife náà lọ́wọ́ wa. Oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú kóró ẹpọ̀n Sébastien Haller. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi oògùn líle tọ́jú rẹ̀, kò sì padà sórí pápá títí di oṣù Kìíní ọdún 2023. Nígbà tí ìdíje Côte d'Ivoire yóò fi bẹ̀rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ló tún ń dà á láàmú. Equatorial Guinea na àwọn onílé 4-0 níwájú àwọn èèyàn wọn, inú bí ìlú, akọ́nimọ̀ọ́gbá pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ìdíje, síbẹ̀ Haller kò gbá ìkankan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ìpele àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n pàdé Senegal ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà, òun ló gbá ayò tó gbé wọn kọjá Congo Kinshasa, òun náà ló sì na ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù tí Simon Adingra gbé wá ní ìṣẹ́jú 81, tí ìrètí wa fi pin. Àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá sinmi kò fẹ́ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí wọ́n rántí pé ọkùnrin tí wọ́n fún láyè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ san ló lù wá.

Nínú àríyànjiyàn yìí, ìtàn àtijọ́ ni àwọn tó fẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù fara dà á máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Wọ́n á ní ọkùnrin ló ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà. Wọ́n á dárúkọ Bert Trautmann, ọmọ Jámánì tó ṣọ́lé fún Manchester City nínú àṣekágbá FA Cup lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1956. Eré kù bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún nígbà tí orúnkún agbábọ́ọ̀lù Birmingham kan bà á lọ́rùn. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń fọwọ́ di ọrùn mú, síbẹ̀ ó ń fò lé bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi fọn fèrè ìparí, City sì gba ife. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni X-ray fi hàn pé ọ̀kan nínú eegun ọrùn rẹ̀ ti là sí méjì. Wọ́n á dárúkọ Pelé, tí Portugal ta nípàá ní Liverpool lọ́dún 1966 títí tó fi ń tiro káàkiri pápá. Wọ́n á wá fi Franz Beckenbauer dé e ládé: ọdún 1970, ní Mẹ́síkò, èjìká rẹ̀ yẹ̀, wọ́n so apá rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì bá Italy gbá a dé òpin àfikún àkókò.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé kò sẹ́ni tó lè rọ́pò àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Ọdún 1965 ni líìgì ilẹ̀ England kọ́kọ́ gbà kí ẹgbẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò agbábọ́ọ̀lù, ẹni tó bá ṣèṣe nìkan sì ni. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kò gbà á títí di ọdún 1970, èèyàn méjì péré sì ni. Jámánì ti lo méjèèjì kí èjìká Beckenbauer tó yẹ̀. Bí Trautmann bá jáde, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sáré lórí pápá ni yóò wá dúró sẹ́nu ilé, ẹgbẹ́ á sì ku mẹ́wàá. Òfin ló há wọn mọ́ ibẹ̀. Àwa la wá pe há-mọ́lé ní ìwà akin, tí a tún ń fi í na àwọn ọmọ òde òní lẹ́gba, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ lè pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù márùn-ún báyìí, tí bẹ́ǹṣì sì kún dẹ́nu.

Níbi tí òfin ti sinmi ni abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká dúró sí. Lọ́dún 2012, Jiří Dvořák, tó jẹ́ olórí ètò ìlera FIFA nígbà náà, sọ ohun tí wọ́n rí nínú ìwé àwọn dókítà ẹgbẹ́ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé South Africa ọdún 2010: nínú agbábọ́ọ̀lù 100, 39 ló ń lo oògùn ìrora kó tó wọ pápá, nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá. Ẹ tún un kà. Kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣèṣe o. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Oògùn wo ni? Ìdílé kan náà ni pẹ̀lú Cataflam àti ibuprofen tí à ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Wọ́n máa ń dín wíwú kù, wọ́n sì máa ń pa ẹnu ìrora mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń dá dúró nínú ara kí ìrora tó lè rọlẹ̀, òun náà ló ń ràn án lọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn dé kíndìnrín dáadáa, òun náà ló sì ń dáàbò bo awọ inú ikùn. Agbábọ́ọ̀lù tó ti làágùn fún wákàtí kan ààbọ̀ nínú oòrùn, omi ti gbẹ lára rẹ̀; tí a bá tún fi oògùn yẹn kún un, kíndìnrín ló ń san owó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ apaniníyè tí wọ́n ń gún sí ọrùn ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ tún yàtọ̀ síyẹn. Ṣe ni ó ń pa ibẹ̀ kú fún wákàtí díẹ̀. Ìrora ni ọdẹ àdúgbò tó ń fọn fèrè lóru. Abẹ́rẹ́ kò lé olè lọ, ọdẹ ló fún lóorun jẹ.

Ivan Klasnić, ọmọ Croatia tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Werder Bremen rí, mọ ohun tí mo ń sọ. Kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n fi kíndìnrín ìyá rẹ̀ sí i lára, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Wọ́n tún fi ti bàbá rẹ̀ sí i. Ó padà sórí pápá, ó tiẹ̀ gbá ayò wọlé fún Croatia ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 2008, ṣùgbọ́n kíndìnrín náà tún daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ó pe àwọn tó tọ́jú rẹ̀ lẹ́jọ́, ó ní wọ́n ń fún òun ní oògùn ìrora nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òun ti ń kìlọ̀. Ilé ẹjọ́ ní Bremen dá a láre.

Daniel Agger, ọmọ Denmark tí àwọn èrò Liverpool fẹ́ràn bí ojú, fẹ̀yìn tì lọ́dún 2016 nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àmujù oògùn ìrora fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ba ara òun jẹ́. Lọ́dún 2015, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó le jù lọ fún Brøndby, ẹgbẹ́ tó ti kékeré gbá bọ́ọ̀lù fún, ó ti lo oògùn débi pé oorun ń gbé e lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kí eré tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti Gabriel Batistuta ló máa ń dùn mí jù. Ọkùnrin tí Florence sọ di òrìṣà, tí gbogbo ayé ń pè ní Batigol, fẹ̀yìn tì lọ́dún 2005. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé láìpẹ́ sígbà náà, òun kò lè rìn mọ́. Pé òun ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lóru nígbà tó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré ni ilé ìtọ̀ wà, torí òun mọ̀ pé bí òun bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ òun á pa òun. Ó lọ bá dókítà, ó ní kó gé ẹsẹ̀ òun. Dókítà kọ̀. Ẹsẹ̀ méjì yẹn ni àwọn òǹwòran ń pariwo fún lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó wà nínú yàrá yẹn lóru.

Mi ò sọ pé kí agbábọ́ọ̀lù máa jáde nítorí gbogbo ohun tó bá ta á lára. Ìrora yàtọ̀ sí ìpalára. Oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni Osimhen yìí kan náà forí gbá agbábọ́ọ̀lù Inter kan, Milan Škriniar, tí eegun ojú Osimhen sì fọ́. Wọ́n fi irin àti ìdè dè é, ó sinmi, ó sì padà pẹ̀lú ìbòjú tí gbogbo ọmọdé Nàìjíríà mọ̀ mọ́ ọn dòní. Oníṣègùn wò ó, oníṣègùn ló sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tó gbọ́dọ̀ fi bojú. Irú ìfaradà bẹ́ẹ̀, mo kan sáárá sí i.

Ti orí ló ṣe kókó jù, nítorí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá mì kò lè mọ̀ pé ọpọlọ òun mì. Nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ní Maracanã, Christoph Kramer ti Jámánì fojú gbá èjìká ọmọ Argentina kan. Wọ́n fi í sílẹ̀ sórí pápá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá sí i. Ó lọ bá rẹfirí Nicola Rizzoli, ó bi í pé ṣé àṣekágbá la wà yìí. Rẹfirí rò pé ó ń ṣe àwàdà. Ìgbà tó tún béèrè ni Rizzoli lọ sọ fún Bastian Schweinsteiger, ẹlẹgbẹ́ Kramer. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, Hugo Lloris ti Tottenham dákú nígbà tí orúnkún Romelu Lukaku bà á lórí, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ fi í sílẹ̀, ó sì tún yìn ín lẹ́yìn eré pé akin ni. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù àgbáyé, FIFPRO, bu ẹnu àtẹ́ lu ìpinnu náà, mo sì wà lẹ́yìn wọn gbágbágbá.

Ọ̀rọ̀ Loris Karius, aṣọ́lé Liverpool, ló so orí mọ́ ẹnu òǹwòran. Àṣekágbá ìdíje Champions League ọdún 2018 ní Kiev, ìgbọ̀nwọ́ Sergio Ramos bà á lórí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó ju bọ́ọ̀lù lu ẹsẹ̀ Karim Benzema, ó wọlé, bọ́ọ̀lù tí Gareth Bale gbá náà tún yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Real Madrid borí, 3-1. Ó rìn lọ bá àwọn èrò Liverpool pẹ̀lú omijé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀bẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń sọ fún un pé àwọn yóò pa á, àwọn yóò pa àwọn èèyàn rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Boston yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti mì lọ́jọ́ náà, pé ó ṣeé ṣe kó ti ṣàkóbá fún ojú àti ìpinnu rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tó bú u ló padà lọ bẹ̀ ẹ́? Nítorí irú ìpalára orí báyìí ni wọ́n ṣe fi àyè sílẹ̀ nínú òfin. Premier League bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpààrọ̀ àkànṣe fún ẹni tó bá forí ṣèṣe lọ́dún 2021, láti oṣù Keje ọdún 2024 sì ni ó ti wà nínú òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé fún ìdíje tó bá fẹ́ lò ó. Ìpààrọ̀ náà kò sí lára márùn-ún tí ẹgbẹ́ ní, nítorí náà akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní ohun tó máa pàdánù.

Nílé wa, ọkàn la fi mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ní Surulere, Nàìjíríà ń bá Angola ṣe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ká lè lọ sí Italy lọ́dún 1990. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, amòfin tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Jámánì, ṣubú nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. Kò sẹ́ni tó gbá a, kò sẹ́ni tó tì í. Ó kú. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, pé ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Ère rẹ̀ wà ní Surulere títí dòní. Lọ́dún méje lẹ́yìn náà, Inter Milan ra Kanu Nwankwo, balógun ikọ̀ tó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọkàn rẹ̀ kò dára. Àwọn kan sọ pé bọ́ọ̀lù ti tán fún un. Wọ́n gbé e lọ sí Cleveland ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ó padà sórí pápá lọ́dún 1997, ó di ààyò Arsenal, ó sì dá àjọ tó ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé sílẹ̀. Àrùn wọn kò rí bákan náà, mo mọ̀. Síbẹ̀, àyẹ̀wò ló ya Kanu sọ́tọ̀ kúrò lára Okwaraji, àti ẹnì kan tó lágbára láti sọ pé, “Má gbá a.”

Ti Marc-Vivien Foé ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ní kí wọ́n ti Osimhen wọlé rántí. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2003, ní Lyon, Cameroon ń bá Colombia gbá bọ́ọ̀lù. Inú ti ń dà á láàmú láti bí ọjọ́ mélòó kan, ìyàwó rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ìròyìn sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ yọ ọ́, Foé ní òun fẹ́ máa bá a lọ. Ní ìṣẹ́jú 72, ó ṣubú sáàárín pápá tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí rẹ̀, ó sì kú. Ọkàn rẹ̀ ní àbùkù tí a kò mọ̀. Cameroon fẹ́ dé àṣekágbá, wọ́n sì dé e.

Ní Nàìjíríà, Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú ní Lafia lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2020, òun náà kú. Ìròyìn kún ìgboro nígbà náà pé ọkọ̀ áńbúláǹsì tó wà níbẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún lé lẹ́yìn Okwaraji nìyẹn.

Òǹwòran náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Ó ní òun sanwó. Ó ní owó tí ọmọ náà ń gbà lọ́sẹ̀ kan, bàbá òun kò rí i títí tó fi wọ káà ilẹ̀. Ó sì ní àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ló kọ́ òun láti má gbà wọ́n gbọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí lágbára. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002, ọmọ Turkey kan gbá bọ́ọ̀lù lu Rivaldo lẹ́sẹ̀, Rivaldo di ojú mú, ó yí gbirigbiri nílẹ̀, wọ́n sì lé ọmọ Turkey náà jáde. FIFA gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ife pẹ̀lú Brazil. Ẹni tó bá ti rí irú èyí, tó sì ti rí aṣọ́lé tó ń sùn sílẹ̀ láti pa àkókò, tí ara rẹ̀ á yá kíá bí wọ́n bá dá ayò padà, kò lè tètè káàánú mọ́. Irọ́ wọn ni ẹni tó ṣèṣe lóòótọ́ ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irọ́ wo ni Aaron Ramsey pa? Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2010, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ní Stoke níṣojú gbogbo ayé. Ryan Shawcross tó gbá a ń sunkún jáde. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìgbà tí Ramsey bá padà lọ síbẹ̀ ni àwọn kan nínú èrò Stoke ń hó lé e lórí, wọ́n ń kọrin pé ó ń tiro. Wọn kò lè sọ pé ó díbọ́n. Nígbà tí Sani Kaita, agbábọ́ọ̀lù wa, gba káàdì pupa níwájú Greece ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010, ìhàlẹ̀ ikú ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2022 ní Abuja, Ghana gbá ọ̀mì pẹ̀lú wa, wọ́n sì gba tíkẹ́ẹ̀tì Qatar. Èrò ya wọ pápá, wọ́n ń fọ́ àga, wọ́n ń ya nǹkan. Dókítà Joseph Kabungo, ọmọ Zambia tó wá ṣiṣẹ́ níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. FIFA ní kí Nàìjíríà san 150,000 owó Switzerland, wọ́n sì ní ká gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láìsí òǹwòran. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló pe ara wọn ní alátìlẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èrò kan náà lè gba ẹ̀mí là. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2012, ní White Hart Lane, Fabrice Muamba ti Bolton dojú bolẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò lù fún ìṣẹ́jú 78. Andrew Deaner, dókítà ọkàn, wà láàárín èrò Tottenham, ó wá wo bọ́ọ̀lù bíi tiwa ni. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ pápá, ó sọ ẹni tí òun jẹ́, wọ́n jẹ́ kó wọlé, òun ló sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn. Tottenham àti Bolton jọ ń ké orúkọ Muamba. Ó yè. Ní Copenhagen, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà tí Christian Eriksen ti Denmark ṣubú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fara ṣe ògiri yí i ká kí kámẹ́rà má baà rí i, àwọn ará Finland fi àsíá wọn sílẹ̀ kí wọ́n fi bò ó. Àwọn ará Finland ń ké “Christian”, àwọn ará Denmark ń dáhùn “Eriksen”. Kò sí ẹni tó béèrè iye tó ń gbà lọ́sẹ̀.

Kí ló wá fà á tí a fi ń dúró kí èèyàn fẹ́ kú ká tó ṣojú àánú? Mo rò pé nítorí pé ikú ń hàn, ẹsẹ̀ tó ń wú kò hàn. Lọ́sàn-án Sátidé kan ní àdúgbò mi ní Ìbàdàn, mo dúró wo àwọn ọmọ tó ń gbá sẹ́ẹ̀tì. Èjẹ́ńtì kan ti wá, gbogbo wọn sì mọ̀. Ọmọ kan, kò lè ju mẹ́rìndínlógún lọ, ti di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní báńdéèjì, ó fi píìnì há a, òórùn Aboniki ń ta dé ibi tí mo wà. Ẹsẹ̀ náà ti wú débi pé kò lè so okùn bàtà rẹ̀ mọ́. Bó bá ti ṣe díẹ̀, á dúró, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún, á sì tún sáré. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò ní í jáde ni?” Àwọn ọkùnrin tó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ohùn bò ó mọ́lẹ̀: “Má jáde o! Ọ̀gá ń wò ẹ́!” Nígbà tí eré parí, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sinmi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá jáde, wọ́n á ti mú ẹlòmíì sí nọ́ńbà mi.”

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ wà nínú ìdáhùn yẹn. Ẹni tó sọ pé ara agbábọ́ọ̀lù ni, kí wọ́n jẹ́ kó pinnu fúnra rẹ̀, kò ronú nípa ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ náà. Ìrora kọ́ ló bà á lẹ́rù, ipò rẹ̀ ló ń bẹ̀rù láti pàdánù. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Batistuta, bẹ́ẹ̀ ló rí fún Agger, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tiwọn pọ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn pé kí agbábọ́ọ̀lù “gbọ́ ti ara rẹ̀” kò tó. Ní àwọn líìgì ńlá, kí dókítà tí ẹgbẹ́ kò san owó fún ní àṣẹ láti sọ pé ẹni tó forí ṣèṣe ti jáde, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá má lè yí i padà. Ní líìgì tiwa, kí wọ́n yẹ ọkàn gbogbo ẹni tó fọwọ́ síwèé wò kó tó wọ aṣọ, kí ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí wà létí pápá pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, kí rẹfirí má sì fọn fèrè bí áńbúláǹsì kò bá tíì tan iná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Lórí pápá iyẹ̀pẹ̀, kò sí dókítà tí a lè fún ní àṣẹ kankan. Ẹni tó ṣètò ìdíje náà ló wà níbẹ̀, àti àwọn tó dúró yí pápá ká. Kó tó fọn fèrè àkọ́kọ́, kó sọ ọ́ sétí gbogbo wọn, títí kan èjẹ́ńtì, pé ọmọ tó bá ṣèṣe tó sì jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó bá sàn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ wo bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù yóò padà wá lọ́jọ́ náà.